Ọ̀já Ìyá Lójú Agbo: Ilé, Ọjà àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Kò sí ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó rí i pé ojú nìkan ni òwe náà dárúkọ. Kò dárúkọ ohun tí ojú kò rí: ilé tí oníjó ti múra, ìyá àgbà tó yọ̀ǹda kí ìlù tó dún, àti ẹni tó ni aṣọ tó wà lára oníjó. Bí ìdajì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wà ní gbangba, ìdajì yòókù wà ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí èyí tó wà ní gbangba nìkan, kò tíì dé òpin ìran.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ní Kétu, ijó ni ìlú fi ń ṣí ọ̀nà láàárín ilé àti ìta. Ijó ló ń mú ohun tó wà nínú ilé jáde wá sí ọjà, òun náà ló sì ń dá a padà sílé. Bí a bá gé ìrìn yẹn sí méjì, tí a mú apá tó dùn ún wò, tí a sì fi èyí tó pamọ́ sílẹ̀, ohun tí yóò kù lọ́wọ́ wa yóò jẹ́ ijó, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́.

Ilé, ojúde, ọjà

Nínú àwọn ìwé Faransé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọlẹ́ẹ̀jì, a máa ń kà pé ibì kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ibì kan sì wà tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ògiri àti kọ́kọ́rọ́ ló sì pín wọn níyà. Agbo ilé Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá wà tó jẹ́ ti ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà tí gbogbo ará ilé ń jókòó sí. Àgbàlá wà tí àwọn ìyàwó ilé ti ń dáná. Ojúde sì wà tí àlejò ń dúró sí kí ó tó kágò. Láti yàrá dé ọjà, kò sí ibi tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé níbí gan-an ni ti ẹnì kan parí sí, tí ti gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀. Àkókò àti ìṣe ló ń pinnu rẹ̀. Ojúde tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá ní alẹ́ òní lè di ti ará ọ̀run lọ́la bí Egúngún bá jáde, kí ó sì di ti ìyàwó tuntun lọ́túnla nígbà tí wọ́n bá ń fi orin àti ijó sìn ín lọ sílé ọkọ.

Kétu fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú tó mọ ohun tí ààlà jẹ́. Odi àti yàrà ló yí i ká láyé àtijọ́. Ẹnu ibodè rẹ̀ tó lókìkí jù lọ ni Àkàbà Ìdènà, tí a ṣì ń lọ wò títí di òní. Àkàbà kì í ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ilé ni: ó ní ẹnu ọ̀nà níwájú, ó ní òmíràn lẹ́yìn, ẹni tó bá sì ń wọ̀lú ní láti gba àárín wọn kọjá. Ní àárín yẹn, àlejò kì í ṣe ará ìta mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì di ará ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi ibodè yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá irú rẹ̀ pàdé lójú agbo.

Ta ló ni ìgboro?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń yí ìlú padà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Orò bá ké lóru, àwọn obìnrin á wọlé, wọn á sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ògiri tuntun tí ẹnikẹ́ni mọ. Ìró lásán ló gba ìgboro fún ọkùnrin, tó sì sọ yàrá di ibi ààbò àti àhámọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Egúngún, ní tirẹ̀, á ti igbàlẹ̀ jáde. Atọ́kùn á ṣáájú rẹ̀. Ibi tí aṣọ rẹ̀ bá fẹ́ dé, àwọn èrò á sún sẹ́yìn. A kì í sì í béèrè orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú.

Orò àti Egúngún a máa fi ìbẹ̀rù gba ìta. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa fi ẹ̀bẹ̀ gbà á. Ọjà tàbí ìta gbangba la ti ń jó o, ọjà sì ni ibi tí àṣẹ obìnrin ti fìdí múlẹ̀ jù lọ láwùjọ wa. Níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò ní kí obìnrin wọlé. Nítorí àwọn obìnrin gan-an la ṣe jáde: nítorí Ìyá Ńlá, àti nítorí àwọn ìyá wa tí agbára wọn lè tún ayé ṣe, tó sì lè bà á jẹ́ bí inú bá bí wọn. Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́. Ilé àṣẹ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ń tẹ̀. Ọkùnrin ló ń gbé ère sórí, ọkùnrin ló ń jó, ṣùgbọ́n ọkùnrin kò lè dá a gbé jáde láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé obìnrin ló ń jọba ní Kétu. Orí ìtẹ́ Alákétu, ọkùnrin ló ń jókòó níbẹ̀, obìnrin tó gbọ́ ohùn Orò sì mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi hàn ni pé kò sí ẹnì kan tó ni ìta títí láé. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ní òru tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni òru kan wà tí àwọn ọkùnrin gbọ́dọ̀ wá sí ọjà àwọn obìnrin, kí wọ́n wọ aṣọ obìnrin, kí wọ́n sì jó títí inú àwọn ìyá yóò fi yọ́.

Ìtàn méjì, ọ̀nà kan

Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó kan Kétu ní tààrà ni ti àwọn ọmọ ọba méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì, tí ọ̀rọ̀ oyè sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀kan gbèrò láti pa èkejì. Èyí tí wọ́n fẹ́ pa sá lọ sí Ìlọ́bí. Ó mú igbá, ó mú aṣọ, ó so ìkarahun ìgbín pọ̀, ó sì fi wọ́n ṣe ohun tó jọ ènìyàn, tí ń dún nínú òkùnkùn. Àwọn tó wá pa á gbọ́ ìró abàmì yìí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì sá.

Ìtàn kejì jẹ́ ti Ifá. Ọ̀rúnmìlà ní ohun tó fẹ́ ṣe nínú igbó àwọn ẹlẹ́yẹ, níbi tí ẹni tó bá lọ kì í bọ̀. Wọ́n ní kí ó gbé ère sórí, kí ó wé gèlè, kí ó so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀. Ó ṣe bí wọ́n ti wí. Ó lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ á fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni òótọ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n jọ sọ ló ṣe pàtàkì fún òpìtàn. Nínú méjèèjì, ẹnì kan wà níwájú ibi tí kò lè fi ojú ara rẹ̀ kọjá. Nínú méjèèjì, orí àyálò àti ìró ló gbà á. Ẹ sì kíyèsí ṣaworo: ẹni tó bá so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ kì í yọ́ wọlé. Ó ń kéde ara rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa kò rò pé ènìyàn lè fi agbára wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, wọn kò sì rò pé kí ó yọ́ wọ̀ ọ́ bí olè. Ó gbọ́dọ̀ jó wọ̀ ọ́, kí oníbi lè gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Òru Ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Òru ni ayẹyẹ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítòsí agbo, ilé kan wà tí àwọn oníjó ti ń múra. Láàárín ilé àti agbo ni wọ́n ń ri igi mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi màrìwò bò, tí wọ́n sì dá ẹnu méjì sí. Ibẹ̀ ni àwọn ère yóò ti yọ. Ẹni tó bá rántí Àkàbà Ìdènà yóò mọ̀ pé a tún dé ẹnu ibodè: kò sí ẹni tó lè ti inú ilé bọ́ sí ojú ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ọ̀gá òru tó jáde, àwọn kan á ti tún ibẹ̀ ṣe fún un. Orúkọ wọn nìkan tó ẹ̀kọ́. Arábì Ajígbálẹ̀ ni ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Agbéná ni ẹni tó ń gbé iná. Apaná ni ẹni tó ń pa á. Tètèdé ni ẹni tó ń tètè dé kí èkejì rẹ̀ tó dé. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọjà di ibòmíràn: ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ta iṣu àti ata lánàá ni a gbá, tí a fi iná yẹ̀ wò, tí a sì fi òkùnkùn bò. Ijó ló ṣe gbogbo èyí, kò sí bíríkì kan níbẹ̀.

Nígbà náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á jáde. Á kọ́kọ́ júbà: á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá, á júbà àwọn tó ti kọrin ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìbà, ẹnu rẹ̀ di ẹnu ìlú. Ohun tí wọ́n ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ààrò, òun ni yóò gbé lé orin: olóyè tó jẹ owó ìlú, ọmọ tó gbàgbé ìyá rẹ̀, oníṣòwò tó ń fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ, ọkọ tí kò bọ́ ilé. Nígbà mìíràn á dárúkọ. Nígbà mìíràn á pa á lówe, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá orin wí kì í bá a jà nítorí rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ló fún un ní ẹnu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ẹ̀fẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún àṣírí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Àṣírí tó bá ṣe ìlú ní ibi ni Ẹ̀fẹ̀ ń tú, ó sì ń tú u lábẹ́ òfin mẹ́ta: ibì kan, ẹnu kan, òru kan. Ibì kan ni agbo. Ẹnu kan ni ti ẹni tí wọ́n yàn. Òru kan sì ni pé ọ̀rọ̀ náà ní òpin. Ìgbà kan wà ní òru náà tí wọ́n á pa gbogbo iná, tí Ìyá fúnra rẹ̀ á jáde nínú òkùnkùn. A kì í tan iná wò ó. Ìta tó kún fọ́fọ́ yẹn á wá rí bí inú yàrá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí wọ́n fi kọrin á tún pàdé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Wọ́n gbọ́, òun náà mọ̀ pé wọ́n gbọ́, ìgbé ayé sì ń bá a lọ. Ìtìjú náà tó láti tún ìwà ṣe, kò sì pọ̀ débi tí ènìyàn á fi sá kúrò nílùú.

Ọ̀sán a máa yàtọ̀. Àwọn ère á máa jáde ní méjì méjì, akọgi àti abogi. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jó, àwọn tó dàgbà díẹ̀ á tẹ̀ lé wọn, àwọn ọ̀gá á sì wá kẹ́yìn. Onílù á fi ìyáàlù sọ ẹ̀ka, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìlù, oníjó á sì fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn. Bí ìlù bá dúró, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹni tó bá fi ìgbésẹ̀ kan kọjá ìlù, gbogbo ọjà á rí i. Níhìn-ín, a kì í fi orúkọ ẹni tó ń jó pamọ́ bí ti ará ọ̀run. Àwọn èrò mọ̀ ọ́n, wọ́n ń yìn ín, ìdílé rẹ̀ sì ń pín nínú ìyìn náà.

Ọ̀já

Ibi tí mo fẹ́ kí a fi ojú sí jù lọ nìyí. Aṣọ tó wà lára oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti àyà dé ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀já àti gèlè, àwọn obìnrin ilé àti àdúgbò ló sì yá a. Ọ̀já ni aṣọ tí a fi ń pọn ọmọ. Kò sí aṣọ tó sún mọ́ ara ìyá àti ọmọ tó o. Inú yàrá ló ń gbé. Ó mọ ìtọ̀ ọmọ, ó mọ òógùn ìyá, ó mọ òru tí ọmọ kò sùn. Ní ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀já yìí á kúrò nínú àpótí, á gun ara ọkùnrin, á sì yí po lójú gbogbo ọjà.

Ìyá tó jókòó láàárín èrò mọ ọ̀já tirẹ̀. Ó ń wò ó bí ó ti ń fò sókè. Ohun tó ṣe láìsí ẹlẹ́rìí nínú yàrá rẹ̀, títọ́jú ọmọ, jíjí lóru, ìlú ń jó o lójú rẹ̀. Nígbà tí ijó bá parí, wọ́n á tú ọ̀já náà, wọ́n á dá a padà fún un, á sì tún padà sínú yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi kọ́ wa nípa ilé àti ìta, ìrìn ọ̀já yìí ni mo máa fi dáhùn: láti yàrá dé ọjà, láti ọjà padà dé yàrá. Ọ̀wọ̀ tí ìlú fún ìyá wà nínú lílọ náà, ó sì wà nínú bíbọ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ìlú fọ́

Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì, lábẹ́ ọba Glèlè, ṣẹ́gun Kétu. Wọ́n sun ìlú, wọ́n pa nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí Agbómẹ̀ lẹ́rú. Odi tí wọ́n ti ń fi yangàn láti ìran dé ìran kò gbà wọ́n. Ahoro ni Kétu dà.

Ó yẹ kí a ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí ẹrú lè mú dání àti ohun tí kò lè mú. Ẹsẹ̀ kì í gbàgbé ijó. Ọmọ Kétu tó wà lóko Agbómẹ̀ ṣì lè rántí ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ọjà dání. Kò ní ilé àṣẹ, kò ní ojúde tirẹ̀, kò sì ní òru tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ijó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ijó ń gbà kò sí mọ́.

Ní ọdún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Agbómẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, wọ́n sì tún ìlú kọ́ lórí ahoro rẹ̀. Ní ọdún 1894, Alákétu Onyegen gorí oyè. A máa ń ka ìtàn yìí bí ìtàn ààfin. Mo fẹ́ kí a tún kà á bí ìtàn agbo: ìlú kò tíì jí títí di ìgbà tí ọjà bá tún ná, tí ìyá kan bá tún ní yàrá tí yóò ti mú ọ̀já jáde, tí ilé kan bá sì tún wà tí a lè jó ti ibẹ̀ bọ́ síta.

Àwọn òyìnbó tó dá ìlú padà ti fi ààlà tuntun lélẹ̀ ṣáájú. Ìwé àdéhùn ọdún 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi Kétu sí apá kan, ó fi Mẹ́kọ, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìlú Alákétu, sí apá kejì. Ààlà yẹn kò ní odi, kò ní yàrà, ṣùgbọ́n ó pín ìdílé níyà ju odi lọ. Síbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò pín. Nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ga jù lọ láyé, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà lórí ìwé náà: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Kétu tó wà ní Bahia

Ṣáájú ọdún 1886 ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn ará Kétu wà lára wọn, ti bá ọkọ̀ ẹrú dé Bahia ní Brazil. Títí di òní, apá kan nínú ẹ̀sìn Candomblé ń pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀ Ketu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ Kétu nìkan ló dá a sílẹ̀. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tó ń jẹ́ Alaketu, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ pé ìyá tó dá a sílẹ̀ wá láti ìdílé Arò, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tó ń jọba ní Kétu.

A gbọ́ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní Salvador rí. Àwọn tó kọ ìtàn Candomblé sọ pé ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe é ní àdúgbò Boa Viagem, lábẹ́ Maria Júlia Figueiredo, obìnrin tó ní oyè Ìyálóde. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó parẹ́. Kí ló dé tí ijó fún Ṣàngó, fún Ọ̀ṣun àti fún Ògún ṣì wà níbẹ̀, tí ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò sì sí? Èrò tèmi ni pé ìta ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílò, ìta kì í sì í ṣe ti àwọn ènìyàn wa ní Bahia. Ọlọ́pàá ń já wọ ilé òrìṣà, wọ́n ń kó ìlù lọ, pàápàá ní àwọn ọdún 1920. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní ìpínlẹ̀ Bahia gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, àwọn ìyá Bahia ṣe ohun ọgbọ́n kan: wọ́n kó gbogbo ìlú wọ inú ilé. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní terreiro, a ó rí yàrá ìkọ̀kọ̀ tí ìyàwó òrìṣà ń gbé, a ó rí igi àti ewé tó dúró fún igbó, a ó sì rí gbọ̀ngàn tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ìyàwó òrìṣà á ti inú yàrá jó wá sí gbọ̀ngàn. Wọ́n á jó yípo, òrìṣà kan tẹ̀ lé òmíràn. Xirê ni wọ́n ń pe ijó náà, etí wa sì yára mọ̀ pé ṣiré ni. Ìrìn láti kọ̀rọ̀ dé gbangba kò parẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ògiri kan yí i ká kí ó má bàa kú. Ní ọdún 1984, ìjọba Brazil gbà láti dáàbò bo Casa Branca, ilé òrìṣà àtijọ́ kan ní Salvador. Ilẹ̀ àti ilé ni wọ́n dáàbò bò, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ijó kò lè pẹ́ láìsí ibi tó ń gbà.

Ìtàgé àti fóònù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ogun ló dojú kọ agbo wa lónìí. Ìfẹ́ ni. Gbogbo ènìyàn fẹ́ràn Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n ń pè é sí ayẹyẹ ní Kútọnù, wọ́n ń pè é sí òkè òkun. Lórí ìtàgé, wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ kedere. Ère á jó, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, ó parí. UNESCO fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ìrìn-àjò afẹ́ lè sọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di ọjà títà lásán. Èmi kò sọ pé kí a má lọ sórí ìtàgé. Owó tí àwọn oníjó ń rí níbẹ̀ wúlò fún ìdílé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀sán nìkan ni ìtàgé lè gbà. Kò sí ibi tó lè gba òru Ẹ̀fẹ̀ àfi ọjà tí àwọn ènìyàn ti mọ ara wọn.

Ọ̀ràn fóònù tilẹ̀ le jù. Lónìí, bí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá la ẹnu, fóònù púpọ̀ á ti gòkè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orin tí wọ́n kọ fún ọjà kan á ti dé Àbíjàn àti Paris. Òfin mẹ́ta tí a mẹ́nu kàn lókè wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: kò sí ibì kan mọ́, kò sí ẹnu kan mọ́, òru náà kò sì ní mọ́ láé. Ẹni tí wọ́n bá wí kò ní bá àwọn aládùúgbò nìkan pàdé. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò máa fi í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Akọrin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń bẹ̀rù, ìbáwí á kúrò nínú orin rẹ̀, ìyìn àwọn olówó nìkan ni yóò kù. Ojú tó pọ̀ ju ti ọjà lọ lè pa ẹnu ọjà mọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó wà ní ìkáwọ́ wa. Èkíní, nígbà tí ẹgbẹ́ bá pe àwọn oníjó sórí ìtàgé, kí a sọ fún àwọn òǹwòran pé ọ̀sán ni wọ́n rí, pé òru wà nílé, kí a sì fi apá kan nínú owó náà ran ilé tí òru ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù sókè lóru Ẹ̀fẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu Ìyálàṣẹ. Bí a bá tilẹ̀ gbà á, kí orin tó dárúkọ ènìyàn má kúrò nílùú. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lo ìsinmi wọn láti lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà. Kí wọ́n má béèrè nípa ère nìkan, nítorí ère wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Kí wọ́n béèrè pé: “Ìyá, ọ̀já yín wo ló bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó rí? Ta ló wá yá a lọ́wọ́ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n dá a padà?” Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, ní Yorùbá.

Ọ̀já kan lè wà nínú àpótí ìyá àgbà kan ní Kétu báyìí, tó ti gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń wá a. Bẹ́ẹ̀, òun ló gba ọ̀nà náà lọ tó sì gbà á bọ̀, òun ló sì mọ̀ ọ́n já.